Láti Orí Bẹ́ẹ̀dì Iṣẹ́ Abẹ Dé Orí Kẹ̀kẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Orúnkún

Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún kì í pẹ́ bi dókítà pé ìgbà wo ni òun máa padà sẹ́nu ohun tí òun ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ gígùn ló ń béèrè, ìdáhùn tó máa gbà lè dà á lórí rú. Dókítà kan á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òmíràn á ní oṣù mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ tó ti la irú ẹ̀ kọjá á ní òun ò tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa sọ òótọ́, nítorí iṣẹ́ abẹ orúnkún kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ náà kì í sì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó dúró sójú kan nínú yàrá físíò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá tọ́jú ara, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí èèyàn ń gùn kọjá láàárín dáńfó àti ọ̀kadà.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí máa fi hàn ni pé kẹ̀kẹ́ wà lára iṣẹ́ tí orúnkún tó ń sàn bọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà láìjanpata, àti pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Orúnkún tó lè yí pẹ́dà kò tíì di orúnkún tó sàn.

Iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe?

Ibi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun ni orúnkún. Kèrékèré tó ń yọ̀ bo orí egungun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Kèrékèré méjì mìíràn tún wà láàárín wọn, tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Meniscus ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Iṣan líle mẹ́rin ló di egungun wọ̀nyí mú: ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àti méjì tó dábùú ara wọn nínú. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì tó dábùú náà ni ACL, orúkọ tí etí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti mọ̀ dáadáa.

Gígé etí meniscus tó ya ló fúyẹ́ jù nínú àwọn iṣẹ́ abẹ wọ̀nyí. Ní Tokyo lọ́dún 1918, Kenji Takagi mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀, ó sì tì í bọ inú orúnkún òkú kan láti wo bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré ti là. Masaki Watanabe, ọmọ Japan bíi tirẹ̀, ló kọ́kọ́ gba irú ihò bẹ́ẹ̀ gé meniscus, lọ́dún 1962. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún sábà máa ń sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Rírán meniscus kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ kò ní ojú rírán tó ń dúró dè pé kó jinná. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù kí ojú rírán náà lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ihò ara àwọn méjèèjì jọra, ìrora wọn lè jọra, síbẹ̀ ohun tí ẹnì kìíní lè ṣe lọ́sẹ̀ kejì lè ba tẹnì kejì jẹ́.

Ní ti ACL, oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń mú iṣan láti ibòmíràn lára aláìsàn fúnra rẹ̀, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti iwájú orúnkún, á sì fi rọ́pò èyí tó já. Ara á kọ́kọ́ tú iṣan tuntun náà palẹ̀ kó tó tún un kọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ọ̀sẹ̀ kejìlá, nígbà tí ìrora ti rọlẹ̀ tí ara sì ti ń yá onítọ̀hún, ni iṣan náà rọ jù.

Pípààrọ̀ orúnkún pátápátá ni tàwọn tí làkúrègbé ti jẹ kèrékèré wọn tán. Wọ́n á gé ojú egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi irin bò ó, wọ́n á sì fi ike líle sáàárín. Ara èyí tí John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní New York lọ́dún 1974 ni ọ̀pọ̀ àwọn tòde òní ti wá. Iṣẹ́ abẹ tó ń tọ́jọ́ ni: ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé nínú 100 orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ pátápátá, nǹkan bí 82 ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Ẹ̀ka kan tún wà tí ojú pópó tiwa mọ̀ dáadáa, ìyẹn egungun tó fọ́ nínú ìjàǹbá mọ́tò tàbí ọ̀kadà, tí wọ́n wá fi wáyà tàbí irin dè pọ̀. Ẹ́síréè ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Títí dókítà yóò fi rí i pé egungun ti ń lẹ̀ pọ̀, kò sí ìmọ̀ràn ẹlòmíràn tó yẹ kí èèyàn tẹ̀ lé.

Ṣé dandan ni abẹ náà?

Bí a bá ń gbé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹ̀ wò, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí abẹ fúnra rẹ̀ lè ṣe. Lọ́dún 2002, J. Bruce Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston kó 180 èèyàn tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu lórúnkún jọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ inú orúnkún àwọn kan, wọ́n ha tàwọn kan, àwọn yòókù sì jẹ́ pé wọ́n kàn la awọ ara wọn ni, wọn ò ṣe nǹkan kan nínú. Àwọn aláìsàn ò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Lọ́dún 2013, àwọn ará Finland ṣe irú ẹ̀ fún 146 èèyàn tí meniscus wọn ti ya nítorí pé ó ti gbó, tí làkúrègbé ò sì tíì mú. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n gé tiwọn ò sàn ju àwọn tí wọ́n kàn dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni gé e fún.

Ti ACL náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní Sweden, Richard Frobell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín 121 ọ̀dọ́ tí ACL wọn já sí ọ̀nà méjì: wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n sì fi físíò bẹ̀rẹ̀ fún apá kejì pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó bá ṣì fẹ́ abẹ lẹ́yìn náà lè ṣe é. Èsì wọn jáde lọ́dún 2010: lẹ́yìn ọdún méjì, ipò tí ìhà méjèèjì wà kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdajì apá kejì lọ tí kò ṣe abẹ kankan.

Ìyẹn ò sọ pé abẹ kò wúlò. Ìwádìí tí Søren Skou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Denmark, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé ẹni tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún, tó sì tún ṣe eré ìdárayá, rí ìtura ju ẹni tó ṣe eré ìdárayá nìkan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro tó le lẹ́yìn ìtọ́jú pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó gba abẹ. Ohun tí gbogbo rẹ̀ para pọ̀ ń sọ ni pé iṣẹ́ tí aláìsàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe kì í ṣe èènì lórí abẹ. Nínú àwọn ọ̀ràn kan, òun gan-an ni ìtọ́jú. Ẹni tó bá sì ti ń fún iṣan itan rẹ̀ lókun kí ọjọ́ abẹ tó pé ti fi nǹkan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń béèrè

Kí ló dé tí àwọn oní-físíò fi fẹ́ràn kẹ̀kẹ́? Ìdáhùn wà nínú orúnkún àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú irin tí wọ́n fi pààrọ̀ tiwọn. Ní California, Darryl D'Lima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọn agbára tó ń tẹ orúnkún nígbà tí èèyàn bá ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Èsì wọn, tó jáde lọ́dún 2008, fi hàn pé bí èèyàn bá ń rìn, ohun tó ń tẹ orúnkún ju ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, orúnkún iwájú gba ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bó bá gun kẹ̀kẹ́, kò ju nǹkan bí ìwúwo ara rẹ̀ lọ.

Ines Kutzner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin fìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 2012 lára èèyàn mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ kan kún un. Bí ẹni náà bá fi agbára tẹ pẹ́dà tó wúwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹrù orúnkún á pọ̀ sí i. Bí jíà bá fúyẹ́ tí ẹsẹ̀ sì ń yí kánkán, ẹrù náà á dín kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùgun kẹ̀kẹ́ ń rò yàtọ̀ sí èyí. Lójú wọn, rírọra yí jíà líle ni ìṣọ́ra. Ó tẹ́ orúnkún lọ́rùn jù kó máa yí èyí tó fúyẹ́ ní ìgbà 80 tàbí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Agbára nìkan kọ́ ni kẹ̀kẹ́ ń béèrè. Ó ń béèrè títẹ̀ pẹ̀lú. Bí èèyàn bá jókòó sórí àga tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ tó dígíríì 90. Bó bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ sábẹ́ àga, ó ń sún mọ́ 110. Nǹkan bí 110 yìí ni pẹ́dà ń fẹ́ nígbà tó bá dé òkè pátápátá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò tíì tẹ̀ ju 90 lọ kò lè yí i dé òpin, bó ti wù kó gbójú tó. Bó bá fi ipá ṣe é, ìbàdí rẹ̀ á gbé sókè lórí síìtì láti ran orúnkún lọ́wọ́, orúnkún kò sì ní rí ohun tó wá gbà níbẹ̀.

Ìpele sí ìpele

Lórí kẹ̀kẹ́ àdúró-sójú-kan ni gbogbo ìrìn àjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀, yíyí rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe yíyí rárá. Ẹsẹ̀ á ti pẹ́dà síwájú títí orúnkún á fi ní ó tó, á tún fà á padà sẹ́yìn, á máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, bọ̀. Lọ́jọ́ kan, pẹ́dà á kàn yí po, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé yíyí sẹ́yìn ló kọ́kọ́ ṣeé ṣe kí ti iwájú tó tẹ̀ lé e. Síìtì á ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà yìí, kò sì ní sí ẹrù kankan lórí ẹ̀rọ náà.

Ẹni tí wọ́n gé meniscus rẹ̀ lè dé ìpele yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí ojú abẹ bá ti gbẹ tí wíwú sì ti ń lọ sílẹ̀. Ó lè jáde sójú títì láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀ sábà máa ń gbọ́ pé kó má tẹ orúnkún kọjá dígíríì 90 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà kò lè yí pẹ́dà po kí àkókò yẹn tó kọjá. Ẹni tí wọ́n ṣe ACL fún lè bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó dúró sójú kan láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó jáde, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan ni wọ́n ti mú iṣan tí wọ́n fi ṣe é, kò gbọ́dọ̀ tètè máa fi bàtà tó há mọ́ pẹ́dà fa pẹ́dà sókè, nítorí iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ fífà yẹn ni wọ́n gé lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà, á sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣẹ nínú àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Ìwé tí oníṣẹ́ abẹ fi lé aláìsàn lọ́wọ́ ló borí, torí òun ló rí inú orúnkún náà. Lẹ́yìn ìwé yẹn, ẹnu orúnkún fúnra rẹ̀ ló kù. Bó bá wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì ju bó ṣe rí lánàá lọ, iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù. Bí kò bá wú, èèyàn lè fi díẹ̀ kún un. Ìrora kékeré nídìí iṣẹ́ kò burú. Wíwú tí kò lọ lẹ́yìn oorun òru kan ló yẹ kéèyàn fiyè sí.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń bò mọ́lẹ̀

Bí pẹ́dà bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò dáadáa, orúnkún ṣì tẹ̀ ní nǹkan bí dígíríì 25 sí 35. Kò na tán rárá. Bó bá sì dé òkè, 110 ni. Àárín ni kẹ̀kẹ́ ń gbé; kò ní í ṣe pẹ̀lú ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lè nà tán lè gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ láìmọ̀, àmọ́ bó bá sọ̀ kalẹ̀, á tiro. Títiro yẹn á máa dá ẹrù lé iwájú orúnkún, lé ìbàdí àti ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn oní-físíò fi máa ń tẹnu mọ́ nínà láti ọjọ́ kìíní: kí gìgísẹ̀ wà lórí tímùtìmù, kí ohunkóhun má sì sí lábẹ́ orúnkún, kí ó lè rọra tẹ́. Ìrọ̀rí tí àwọn ará ilé ń fi àánú kì sábẹ́ orúnkún, tí ara sì ń tù ú, òun ló ń dí nínà yìí lọ́wọ́.

Ìpẹ̀kun kejì tún kan àwa gan-an. Láti kúnlẹ̀ kí àgbà, láti jókòó lórí gìgísẹ̀ nígbà ìrun, láti lóṣòó fọ aṣọ, orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá 110 dáadáa. Ọ̀pọ̀ orúnkún irin kì í tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kíkúnlẹ̀ lé e sì lè máa ni onítọ̀hún lára títí lọ. Ó yẹ kí ìyá àgbà béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó gé e, kí àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé àga ni màmá á máa lò nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Agbára iṣan ni ohun kẹta. Bí orúnkún bá wú, ọpọlọ máa ń dín àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí iṣan iwájú itan kù. Ryan Mizner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára iṣan yìí lára 20 èèyàn kí wọ́n tó pààrọ̀ orúnkún fún wọn àti lẹ́yìn oṣù kan. Ó ti fi 62 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá lè máa ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì, torí pẹ́dà méjèèjì so pọ̀, ẹni tó ń gùn ún ò sì ní mọ̀. Ó dìgbà tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn kí àṣírí tó tú.

Bóyá ìdí kan nìyí tí ìwádìí Thoralf Liebs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 2010, fi rí bó ṣe rí. Wọ́n ní kí àwọn kan lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ìbàdí tàbí orúnkún fún máa gun kẹ̀kẹ́ àdúró-sójú-kan, kí àwọn yòókù má gùn ún. Ó ran àwọn oníbàdí lọ́wọ́ gidigidi. Ní ti àwọn olórúnkún, wọn ò rí àǹfààní tó fi wọ́n yàtọ̀. Ìwádìí kan kò tó láti lé kẹ̀kẹ́ jáde nínú yàrá físíò, ṣùgbọ́n ó tó láti kìlọ̀ fún ẹni tó rò pé bí òun bá ti ń yí pẹ́dà, òun ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Dídìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, gígun àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fífi ẹsẹ̀ kan dúró, gbígbé ẹsẹ̀ nínà sókè lórí bẹ́ẹ̀dì: àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní ariwo, kẹ̀kẹ́ kò sì lè rọ́pò wọn.

Títo kẹ̀kẹ́, àti ojú ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn kí ó tó ṣàìsàn lè má bá a mu mọ́. Lọ́dún 1967, Hamley àti Thomas dábàá pé kí gíga síìtì sí pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ 109 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn ẹsẹ̀ láti abẹ́ dé ilẹ̀, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ṣì ń fi bẹ̀rẹ̀ dòní. Orúnkún tí kò tíì tẹ̀ dáadáa lè fẹ́ kó ga díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn gbọ́ ohun tí ìrora ń sọ. Bó bá jẹ́ iwájú orúnkún ló ń dùn ún, ó ṣeé ṣe kí síìtì ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ó lè ti ga jù. Apá irin kúkúrú tí pẹ́dà so mọ́ tún máa ń dín títẹ̀ òkè kù.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ìgbà àwọn bàbá wa, irú Raleigh tí wọ́n ń kó wá láti Nottingham, lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju jíà kan lọ. Lórí òkè Ìbàdàn, láàárín àpáta Abẹ́òkúta tàbí lójú ọ̀nà Èkìtì, jíà kan yẹn ni Kutzner ń sọ̀rọ̀ ẹ̀: pẹ́dà wúwo, ẹsẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹrù ń kún orúnkún. Ẹni tó ń sàn bọ̀ kò gbọ́dọ̀ tijú láti sọ̀ kalẹ̀ kó sì ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní tobìnrin, tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, sì dára fún ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Gbígbé ẹsẹ̀ kọjá irin gíga ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn tí orúnkún wọn dá ṣáṣá ṣubú, ká má tíì sọ ẹni tó ń sàn bọ̀.

Èyí mú wa dé ibi tí ewu ojú títì wà gan-an. Yíyí pẹ́dà kọ́ ló máa ń ba iṣan tuntun jẹ́ lójú ọ̀nà. Dídúró lójijì ni. Ọ̀kadà á já wọ iwájú ẹni, kòtò á yọ, èèyàn á sì fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara àti ti kẹ̀kẹ́, orúnkún á yí. Irú yíyí bẹ́ẹ̀ ni ACL ń sá fún. Ìwádìí kan tí Hege Grindem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé láàárín àwọn tó fẹ́ padà sí eré ìdárayá tó ní yíyí lójijì, oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi sún ìpadàbọ̀ náà síwájú, títí di oṣù kẹsàn-án, ló ń dín ewu ìpalára tuntun kù sí nǹkan bí ìdajì. Kẹ̀kẹ́ kò sí lára irú eré bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá dán tó sì ṣófo. Ní Ọjọ́ọ̀ta l'Ékòó tàbí Mókọ́lá n'Íbàdàn, ó lè di ọ̀kan nínú wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Akíkanjú méjì, ìgbẹ̀yìn méjì

Ìtàn àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ jẹun fi hàn pé akin nìkan kọ́ ló ń pinnu. Bernard Hinault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ń ṣíwájú nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ọdún 1980 nígbà tí orúnkún mú kó fi ìdíje náà sílẹ̀ ní ìlú Pau. Lọ́dún 1983, lẹ́yìn tó gba ife Vuelta ilẹ̀ Spéènì, orúnkún náà tún dìde sí i, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì lè kópa nínú Tour ọdún yẹn. Lọ́dún 1984 ó padà, ó sì ṣe ipò kejì sẹ́yìn Laurent Fignon. Lọ́dún 1985 ó gba Giro ilẹ̀ Ítálì àti Tour pa pọ̀. Ìgbà karùn-ún tó máa gba Tour nìyẹn.

Andy Schleck, ọmọ Luxembourg tí ife Tour ọdún 2010 wà lórúkọ rẹ̀, ṣubú lójú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù nínú Tour ọdún 2014. Iṣan orúnkún rẹ̀ tó fara pa ń sàn, ṣùgbọ́n kèrékèré rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ìdárayá lè tún ṣe. Ní oṣù October ọdún náà, ó kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 29. Ìfẹ́ iṣẹ́ àti owó ìtọ́jú wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tó wà nínú orúnkún wọn ni kò dọ́gba. Ẹni tó bá ń fi ara rẹ̀ wé ọ̀rẹ́ tó ti padà sórí kẹ̀kẹ́ kí ó rántí èyí.

Nílé lọ́dọ̀ wa

Ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì l'Ékòó ti ń tọ́jú egungun láti ìgbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tó fara pa. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní UCH Ìbàdàn àti láwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn pẹ̀lú. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa jù. Owó àti ọ̀nà jíjìn ni. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san owó abẹ. Bí wọ́n bá san ìyẹn tán, owó físíò tó yẹ kí wọ́n máa lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ á wá dà bí ohun tí èèyàn lè fò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó san owó abẹ tó sì fo físíò kò tíì san ju ìdajì lọ. Bí owó ò bá tó, kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan kó gba iṣẹ́ ilé, kó ṣe é lójoojúmọ́, kó sì padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àga, àtẹ̀gùn àti ògiri kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni ọwọ́ àwọn tó ń fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Fífi omi gbígbóná àti òrí wọ́ orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàbí gbígbé e fún ẹni tó ń to egungun kó fi ipá tẹ̀ ẹ́, lè mú kó tún wú, ó lè ya ojú rírán, ó sì léwu bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé, ẹsẹ̀ tó gbé sókè àti ìsinmi ló bá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mu.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò gba pé ká dúró di ìgbà físíò. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó ń dunni, tó sì gbóná, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bí mímí bá ṣàdédé ṣòro tàbí tí àyà ń dunni, kí wọ́n sáré gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ojú abẹ bá ń ṣọyún tàbí tí ibà bá ń mú ẹni náà, kòkòrò lè ti wọ ibẹ̀. Bí orúnkún bá há, tí kò nà tí kò tẹ̀, kí dókítà tún un wò.

Ìgbà wo, nígbà náà, ni èèyàn lè padà sójú títì? Kí ó jẹ́ ìgbà tí dókítà bá ti gbà. Tí orúnkún náà nà tó ti ẹnì kejì rẹ̀. Tó tẹ̀ tó láti yí pẹ́dà po láìgbé ìdí sókè. Tí onítọ̀hún lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró, tó sì lè fi í sọ àtẹ̀gùn láìdi ohunkóhun mú. Tí kò wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì iṣẹ́. Tó sì lè fi èyíkéyìí nínú ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ilẹ̀ bí ó bá ní láti dúró lójijì. Nínú mẹ́fà yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ ti yíyí pẹ́dà. Márùn-ún yòókù, ibi tí kò sí kẹ̀kẹ́ ni èèyàn ti ń wá wọn, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ó ti lo ọ̀pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀.